Òǹwòran Lórí Fóònù: Ṣé Bákan Náà Ni Fọ́mọbìnrin àti Ọmọkùnrin?

Ọ̀dọ́ kan ní Ìkirè ṣí Instagram, ó ń fi ìka wọ́ àwòrán kan lọ, òmíràn ń bọ́ sójú. Kò kọ nǹkan kan, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òǹwòran ni. Èyí yàtọ̀ sí kó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àpòmù tàkúrọ̀sọ lórí WhatsApp.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀dọ́ tó lé ní 10,000 ní Iceland, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ lára àwọn tó ń wòran jù. Bí àkókò tí wọ́n ń lò lórí ìkànnì àjọlò ti ń gùn sí i, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì náà ń hàn lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì: ní Britain, ìwádìí 2022 rí i pé ọdún 11 sí 13 ni ìlò ìkànnì àjọlò tó pọ̀ ń ṣáájú àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn nínú ayé fún ọmọbìnrin, ti ọmọkùnrin jẹ́ 14 sí 15.

Ẹ má tìtorí èyí dá fóònù lẹ́bi pátápátá o. Ọmọ tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ lè sá sídìí fóònù. Nínú ọ̀dọ́ 63 tí wọ́n tọpa ní Netherlands ní 2020, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá sí i lẹ́yìn ìwòran. Ìdá 10 péré ni ó burú sí i fún.