Èdè-Ìperí fún Síso Rédíò Afìfẹ́ṣe Pọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá sọ rédíò. Orúkọ yìí bá ẹ̀rọ tí ó ń fọhùn láti ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sínú ilé olúkúlùkù mu, nítorí pé ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò lè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n rédíò kan wà tí ó jẹ́ pé èsì gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìjọba ni a fi ń lò ó. A kì í gbowó lórí rẹ̀. 5N ni ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè àwọn ti Nàìjíríà. Olùkọ́ tí ó bá pe èyí ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Rédíò afìfẹ́ṣe ni ó tọ́. 'Ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́' kò bá a mu rárá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Ẹ̀rọ tí ó ń tún ohùn sọ ni ìperí rẹ̀ ṣòro jù. Ìgbì rédíò yìí a máa rìn bí ojú ti í ríran. Òkè àti igbó a máa dí i lọ́nà. Ẹni tí ó di rédíò kékeré mú ní Àgọ́ Aláyè lè bá ará Orè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní dé Èkó. Nítorí náà ni a fi ń gbé ẹ̀rọ kan sórí òpó gíga, tí ó lè máa gba ohùn lórí 145.000 MHz, kí ó sì máa fi agbára púpọ̀ tú u jáde lẹ́sẹ̀ kan náà lórí 145.600 MHz. Gbohùngbohùn ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Àmọ́ gbohùngbohùn inú àpáta a máa rẹlẹ̀ ju ohùn tí ó bí i lọ. Ti ẹ̀rọ yìí ń lágbára sí i ni. Agbohùnsílẹ̀ ń fi ohùn pamọ́. Èyí kò fi nǹkan kan pamọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ta búlọ́ọ̀kù ní àtagbà láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń ṣe. Agbohùn-tàtagbà ni ìperí tí ó yẹ ẹ́.

Ní 1997 ni David Cameron ní Kánádà gbé ètò IRLP kalẹ̀, tí ó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì so àwọn agbohùn-tàtagbà tí ó jìnnà síra pọ̀. Ní 2002, Jonathan Taylor ní Amẹ́ríkà gbé EchoLink jáde. Orí rédíò nìkan ni a ti ń wọ ti àkọ́kọ́. A lè ti orí kọ̀ǹpútà wọ èkejì, bí a bá ti yẹ ìwé àṣẹ ẹni wò. Kọ̀ǹpútà tí ó wà láàrin afẹ́fẹ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó pè ní bodè, nítorí ààlà ilẹ̀ méjì ni ó wà. Bí bodè bá wà nítòsí Orè, ará Àgọ́ Aláyè yóò fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ bá ará Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀.

Ìsopọ̀ ni kí a máa lò, kì í ṣe ìdè. Ẹni tí ó wà nínú ìdè kò lè dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìsopọ̀ bodè méjì ṣeé tú nígbàkígbà. Àpẹẹrẹ ìlò rẹ̀ nìyí: 'Bodè Èkó ti sopọ̀ mọ́ bodè Lọ́ńdọ̀nù.' Ó ku sáà kékeré tí olùsọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi dákẹ́ lẹ́yìn tí ó bá tẹ bọ́tìnnì, kí ọ̀nà tó ṣí tán, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ má baà gé. Ìdúró bodè bá a mu.