Kí Ìwé Ṣáájú Ẹrù

San Antonio, Texas

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò mi,

Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná. Ó ní tiránsífà ọkọ rẹ ti jáde, pé Fort Drum ní New York ni ẹ ń lọ, àti pé láti ìgbà náà lo ti ń sunkún pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ ti bọ́. Má bínú, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ti sun irú ẹkún yẹn rí.

Lọ́dún 2005 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ tèmi kúrò ní Texas, ẹrù ni mo kọ́kọ́ dì. Mo di ìkòkò, mo di odó àti ọmọrí odó tí mo gbé wá láti Ìjẹ̀bú, mo di aṣọ òtútù àwọn ọmọ. Láísẹ́ǹsì mi wà nísàlẹ̀ àpótí kan tí a kò tú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo wá kọ̀wé béèrè àṣẹ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ tí a dé, n kò ní dárúkọ rẹ̀ torí mo ṣì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ gba èsì ilé ẹ̀kọ́ mi wá láti Nàìjíríà, bí ẹni pé Texas kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Oṣù méje ni mo fi dúró. Ara arúgbó ni mo ń wẹ̀ kiri ilé wọn nínú oṣù méje náà, èmi tí mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí n kò lè kà. N kò tàbùkù iṣẹ́ yẹn o. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi tí wọ́n tún fi ní ká máa kó lọ.

Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin kan: bí iṣẹ́ ológun bá gbé ọkọ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, láísẹ́ǹsì tí ìyàwó rẹ̀ ti ní tẹ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Mo fẹ́ kí èyí yé ọ, torí wọ́n lè sọ fún ọ pé àdéhùn tó jẹ́ kí láísẹ́ǹsì Texas rẹ wúlò ní bí ogójì ìpínlẹ̀ kò kan New York. Òótọ́ ni, kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn ìpínlẹ̀ lọ̀tọ̀, òfin yìí lọ̀tọ̀. Ìjọba tó gba ọkọ rẹ síṣẹ́ sójà ní 2014 torí pé ó gbọ́ Yorùbá, ṣé o rántí ètò MAVNI yẹn, mọ̀ pé ó níyàwó tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí gan-an, mú ẹ̀dà ìwé tiránsífà rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó yín àti láísẹ́ǹsì rẹ, kí o kọ̀wé sí New York kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé ìgbéyàwó ti ìjọba ni mo wí. Fọ́tò ìdána kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Má fọwọ́ kan aláìsàn títí wọn yóò fi kọ̀wé dá ọ lóhùn. Tọ́jú rìsíìtì owó tí o bá san, torí iṣẹ́ ológun lè dá a padà títí dé dọ́là 1,000. Ọkọ rẹ ni yóò béèrè fún un, nítorí náà máa rán an létí.

Nígbà tí wọ́n gbé àwa náà dé Fort Drum, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tiránsífà wa àkọ́kọ́, ẹnu géètì bárékè ni mo ti ń wá iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé kílíníìkì nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn tí aláìsàn ń sùn sí. Ìyàwó sójà tó bá fẹ́ bímọ, ìgboro ló ń lọ, Watertown àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ta ló sì mọ obìnrin tó ń rọbí tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun bí kò ṣe irú wa? Ìgboro ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn agbanisíṣẹ́ á bi ọ́ léèrè ní íntáfíù ìdí tí o fi ṣiṣẹ́ níbi mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́fà. Àwọn kan nínú wa máa ń fi iṣẹ́ ọkọ wọn pamọ́, torí ẹ̀rù ń ba agbanisíṣẹ́ pé wọn ò ní pẹ́ lọ. Mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n irọ́ lórí sífíì a máa tú. Sọ pé tiránsífà ni, kí o sì gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù rẹ kí o tó kúrò ní Texas. Ní ti MyCAA, owó ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ológun ń fún ìyàwó sójà, dọ́là 4,000 rẹ̀ kò sí fún másítà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́.

Yìnyín ibẹ̀ kì í ṣe eré, adágún Ontario ló ń tì í wá. Ra bàtà rẹ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Bí o bá sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí New York, jọ̀ọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o tó pe ìyá rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Ìyá Kọ́lá