Èwo Ló Kún, Èwo Ló Tán, Èwo Ló Há?

Ẹgbẹ́ kékeré ni wá n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ wa ni kí a tọ àwọn ìyá àgbà lọ, kí a gba oríkì orílẹ̀ tó wà lẹ́nu wọn sílẹ̀, kí a sì gbé e sórí ìkànnì wa, kí ọmọ tó wà ní London tàbí Houston lè gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ìbá fi kì í. Ní àárọ̀ Sátidé kan, a gbé oríkì Oníkòyí jáde, ohùn ìyá kan ni, ìṣẹ́jú 12 gbáko. Àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, inú wa sì ń dùn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìkànnì ti kógbá sílé. Ẹni tó bá ṣí i, nọ́ńbà 509 ló ń rí, àti gbólóhùn kan tó sọ pé a ti lo bándíwídì kọjá ààlà.

Mo ti sanwó ètò tuntun fún ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì wa ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí n tó pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa bójú tó o. Mo ní, "Ìyára wa ló tán, mo sì ti fi kún un."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyára kì í tán. Àyè tí à ń kó nǹkan sí lẹ fi kún. Iye tí wọ́n fún wa lóṣù ló tán, 10 GB náà ló sì ṣì wà nínú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ san."

Ìyára kì í tán. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, èdè Yorùbá tó yè kooro sì ni. Ká ní mo fetí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tó jáde lẹ́nu èmi fúnra mi ni, n kò ní náwó yẹn.

Ẹ wo kèrègbè ẹlẹ́mu. Inú rẹ̀ a máa kún. Ẹnu rẹ̀ a máa há. Ẹmu tó gbé wá sọ́jà a máa tán. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbé ọ̀kan fún èkejì nínú wọn: ẹnu kèrègbè kì í tán, ẹmu kì í há. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí a ń rà fún ìkànnì rí. Àyè tí a kó fáìlì sí ni inú kèrègbè. Ọ̀nà tí fáìlì ń gbà jáde sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ni ẹnu rẹ̀. Àpapọ̀ ohun tó jáde láàárín oṣù kan ni ẹmu ọjà. Àyè kún, ọ̀nà há, iye tán. Ìṣòro bándíwídì ni pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀dọ̀ àwọn onírédíò ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lórí FM tiwa níbí, láti 87.5 dé 108 ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ti ń pín àyè láàárín ara wọn; àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì, 20.5 megahertz, ni ìbú rẹ̀. Ìbú ni lóòótọ́, bí ìbú aṣọ, bí ìbú títì, láti etí kan dé etí kejì. Àmì ṣe pàtàkì níbí o: ìbú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹnì kejì òòró, ibú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn àárín ni ibi tí odò ti jìn. Nígbà tí àwọn oníkọ̀ǹpútà gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń wọn ohun tó lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, "ìbú ọ̀nà" ṣì bá a mu. Ìgbà tó dé ọwọ́ àwọn tó ń ta àyè fún ìkànnì ni wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ẹrù tó bá ọ̀nà náà kọjá láàárín oṣù kan. Ìyẹn kì í ṣe ìbú mọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne àti SAT-3 wà lára wọn. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ báǹkì dojú rú, ojú ìwé tó máa ń ṣí wàrà wá ń yí bí òkòtó. Dátà tí kálukú ti rà sórí fóònù rẹ̀ ò tìtorí ìyẹn dín. Ọ̀nà ló há.

Tiwa ní Sátidé yẹn yàtọ̀ pátápátá. Ohùn ìyá náà wọn 12 MB. Nínú àyè ìkó-nǹkan-sí, 12 MB náà ló gbà, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ló gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ igba. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ṣí i ni sẹ́fà, ẹ̀rọ tí ìkànnì wa ń gbé inú rẹ̀, ń bu odindi tirẹ̀ fún. Ẹgbẹ̀rin èèyàn gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: 800 lọ́nà 12 jẹ́ 9,600 MB, ìyẹn 9.6 GB. Ẹ fi ti àwọn tó ti wá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kún un.

Kí èèyàn tó wo owó, ìṣirò yìí ni kó kọ́kọ́ ṣe: ìwọ̀n ojú ìwé kan, lọ́nà iye tí àlejò kan máa ń ṣí, lọ́nà iye àlejò lójúmọ́, lọ́nà 30. Bí ojú ìwé bá jẹ́ 2 MB, tí àlejò 200 ń wá lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí mẹ́ta, 1,200 MB ló ń jáde lójúmọ́, 36 GB lóṣù. Kó wá fi òmíràn tó tó bẹ́ẹ̀ lé e, nítorí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ràn bí iná ọyẹ́. Kó sì máa wo lẹ́tà B dáadáa: b kékeré ni bíìtì, B ńlá ni báìtì, bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan. Ọ̀nà tí wọ́n pè ní 100 Mbps, 12.5 MB péré ló lè gbé kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nínú ìpolówó ni "àìlópin". Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Olódùmarè ni à ń lò ó fún. Sẹ́fà kankan ò sí tí kò lópin. Ohun tí òǹtajà ní lọ́kàn ni pé òun kì í kà á, nínú àdéhùn tó sì fi lẹ́tà wínníwínní kọ lo ti máa rí i pé bí o bá lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, òun lè fún ọ̀nà rẹ pa tàbí kí òun tì í. Àìkà yàtọ̀ sí àìlópin. Ìyá olóúnjẹ tó ní kí o máa bu ọbẹ̀ fúnra rẹ kò ka ṣíbí, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìpolówó ní Yorùbá, kó kọ ọ́ pé "a kì í kà á", kó sì sọ ibi tí ìsàlẹ̀ ìkòkò wà.

Nígbà tí à ń wá ohun tí a lè dín kù, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ dábàá pé kí a yọ àmì ohùn kúrò lára oríkì tí a tẹ̀ sábẹ́ ohùn náà, pé àmì ń jẹ dátà. Kò parọ́. Báìtì kan ni kọ̀ǹpútà fi ń pa o mọ́. Ọ ń gba 3, ọ̀ ń gba 5. Opolopo láìlámì jẹ́ báìtì 7, ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́ 21. Mo wá wo fọ́tò ìyá náà lókè ojú ìwé, bó ṣe ti inú fóònù jáde gan-an la gbé e síbẹ̀: 4 MB. Ìgbà 190,000 lèèyàn máa kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kó tó wọ̀n tó fọ́tò kan yẹn. A sọ fọ́tò náà di 200 KB. Ilà ojú ìyá ṣì hàn ketekete. A ò sì fọwọ́ kan àmì kankan, torí pé jagunjagun ni wọ́n ń kì níbẹ̀, bí àmì bá sì kúrò, ọmọ tó wà ní Houston ò ní mọ̀ bóyá ọ̀kọ̀ ni bàbá ńlá rẹ̀ gbé lọ sójú ogun, tàbí ọkọ̀, tàbí ọkọ́.