Ìdánwò Kékeré Kí Ìdánwò Ńlá Tó Dé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé kéú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá. Wàláà kan, ọmọ kan ni. Bí ọmọ bá ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Ààfáà láìṣe àṣìṣe, wọn á fọ wàláà, wọn á kọ òmíràn. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ náà ni yóò wà, bí ojúgbà rẹ̀ tilẹ̀ ti lọ síwájú. Olúkúlùkù ń lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ní kíláàsì tó kún fọ́fọ́?

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wúlò, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ ni, kì í gbọ́ èsì. Kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ ọmọ kan lójú ní Ṣàngó-Ọ̀tà.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 2013, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ilé-ìwé girama. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, ọmọ sì lè fi dán ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gba 12 nínú 20, ta ni yóò bi í léèrè 8 tó kù?

Ní 2024, ní ìlú Benin, àwọn ọmọ girama lo Copilot, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ilé-ìwé. Àwọn tó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ. Ẹ kíyè sí i: olùkọ́ wà pẹ̀lú wọn.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ọ̀tà ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní ilé-iṣẹ́, wọ́n sì ń fi fóònù kàwé lálẹ́. Wọ́n ń wo máàkì, wọn kì í wo àṣìṣe, títí ọdún mìíràn yóò fi bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣe báyìí ní ẹ̀ka wa:

1. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a bi ara wa ní ìbéèrè 5. Fóònù kan tó fún èyí.

2. Kí olúkúlùkù kọ èyí tó ṣì sílẹ̀, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀: ṣé kò mọ̀ ọ́n ni, àbí kò fara balẹ̀ ka ìbéèrè?

3. Kí àwọn tó ṣi ohun kan náà jókòó pọ̀, kí ẹni tó gbà á ṣàlàyé fún wọn.

4. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kí a tún un bi kí a tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ti ṣíìfù òru dé yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìwé rẹ̀ dúró sí.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣe àǹfààní ta wá lọ́rẹ. Àmín.