Ẹ Yá Ara Yín Ní Ìrànwú

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkirè àti Àpòmù, mo gbọ́ pé òwú ríran ti ń wu àwọn kan nínú yín. Kì í ṣe nítorí owó, ó kàn wù yín ni. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó jogún ìrànwú lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ti tì í mọ́nú àpótí, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ló mú mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí òwú ṣì ń ti ọwọ́ àwọn ìyá wa jáde, irinṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró sọ́wọ́ ẹnì kan. Bí òwú bá là lóko ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ká a wálé, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i mọ́lẹ̀ títí kóró á fi máa ta jáde. Wọ́n á wá fi ọrun kékeré gbọ́n ọ́n títí yóò fi wú, tí yóò fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan ìrànwú: igi tín-ín-rín tí wọ́n ki ìdí rẹ̀ bọ amọ̀ sísun róbótó, kó lè wúwo, kó sì lè yí pẹ́. Arànwú á fi eérú tàbí ẹfun pa ìka nítorí òógùn, á ta ìrànwú, á máa fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ kejì. Bí ọwọ́ bá le jù, òwú á já; bó bá dẹ̀ jù, á ní kókó.

Nínú agbo ilé, ọ̀pá irin lè jẹ́ ẹyọ kan, kí gbogbo àwọn ìyá máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ ti ń ṣú á máa yọ kóró, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá á máa ran. Òwú tí ọ̀pọ̀ arànwú fi ọjọ́ púpọ̀ ran, ahunṣọ kan á hun ún tán láìpẹ́. Bí ẹ bá rí etù àtijọ́ lára ọkùnrin lọ́jọ́ ìnáwó, ọwọ́ obìnrin púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Sányán náà ń kọ́? Ìtẹ́ ìdin inú igbó ni wọ́n ń sè nínú omi eérú, kí wọ́n tó fi ìrànwú ran án. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé èèyàn laṣọ àwọn, mo gbà pé wọ́n mọ bí aṣọ ṣe ń di aṣọ.

Òyìnbó náà mọ iṣẹ́ ríran. Irun àgùntàn ni wọ́n sábà máa ń ran ní tiwọn. Àgùntàn tiwa kì í hu irú irun bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ arànwú àti ahunṣọ wà tí wọ́n ń yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní kẹ̀kẹ́, kó gbé e lọ sílé, kó fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá òun lára mu. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó yá kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá. Òwú á já mọ́ ọn lọ́wọ́, á wá béèrè. Á wá dá kẹ̀kẹ́ padà, á jókòó, ọ̀rọ̀ á gùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní irinṣẹ́ tirẹ̀ pé pérépéré, kí ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn?

Nítorí náà, ìwọ tó ti ìrànwú mọ́nú àpótí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá àgbà ló fà á. Ṣùgbọ́n ikán ni igi inú àpótí ń dúró dè. Gbé e jáde. Fi han agbẹ́gi kó gbẹ́ àwọn mìíràn bíi tirẹ̀, kí o bá amọ̀kòkò sọ̀rọ̀ nípa amọ̀ ìdí rẹ̀. Máa fi ti ìyá àgbà ran tìrẹ, kí o yá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ìyókù.

Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀ tí ẹ ń gbé. Ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Òwu ti máa ń pàdé láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ atare lásán níbẹ̀ ló di ìjà láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú. Ifẹ̀ bá Ìjẹ̀bú pọ̀, ogun sì dó ti Òwu títí ìlú náà fi tú ní àwọn ọdún 1820. Kì í ṣe atare nìkan ló fà á, ìbínú àtijọ́ ti wà nílẹ̀. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀, lórí ohun tí ẹ yá ara yín, ni mò ń bẹ̀rù fún yín.

Bí ẹ bá yá nǹkan, ẹ sọ ọjọ́ tí yóò padà ní gbangba. Amọ̀ ìdí ìrànwú a máa fọ́. Bó bá fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, má rán ọmọdé lọ jíṣẹ́. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí olóhun bá jù ọ́ lọ, kí o sì bá a wá òmíràn. Ìwọ tó ni ín, má pariwo rẹ̀ lọ́jà. Jókòó ti ẹni tí o yá títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, torí ìrànwú tó lọ láìsí ẹ̀kọ́, igi lásán lo fi ránṣẹ́.

Àáró ni wọ́n fi ń roko láyé àwọn bàbá wa. Ẹ lè ṣe àáró òwú: lọ́sẹ̀ yìí nílé ẹnì kan n'Ìkirè, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nílé ẹlòmíràn l'Àpòmù, kí gbogbo yín bá onílé yọ kóró òwú rẹ̀. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra, ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀ kíá. Kí ẹni tó ń ti Ìkirè bọ̀ ra dòdò dání. Àmọ́ kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó padà sídìí òwú, torí epo dòdò máa ń ba òwú jẹ́.