Ìrù Tó Kù Síta

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ dókítà ẹranko, ajá kan wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí, tó wúwo tó géńdé ọkùnrin. Boerboel ni, irú ajá orí ńlá tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, tó ti di ajá àwọn ilé onígéètì lọ́dọ̀ tiwa. Bí ọ̀kadà bá kọjá níwájú géètì, gbígbó rẹ̀ a máa mi fèrèsé. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbúròó mi báyìí, ilé ìdáná ló ń sá lọ. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí ìyá ilé máa ń jókòó lé bó bá ń ṣa ẹ̀wà. Abẹ́ àpótí yẹn ni ajá náà máa ń ki orí bọ̀. Orí nìkan ló gbà á. Èjìká, ẹ̀yìn, ìdí àti ìrù, gbogbo rẹ̀ wà níta gbangba. Á di ojú méjèèjì pa, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, á máa retí kí n wá òun títí kó sú mi.

Ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀rín ni mi ò fẹ́: ó di ìrù ajá náà mú, ó fẹ́ fà á jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ àpótí tó há mọ́ ọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún yín. Ẹ lè fi ẹranko tó ń sá pamọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wà nínú iṣẹ́ wa. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ kí ẹ tó nawọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ológbò bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀gá nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ológbò ń pa eku jẹ, ẹyẹ ń sá fún un, èyí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gbàgbé pé òun fúnra rẹ̀ kéré. Nínú igbó, ẹran tó ń pa irú rẹ̀ jẹ pọ̀. Ó ń lúgọ kó lè pa, ó sì ń lúgọ kí wọ́n má bàa pa á. Ibì kan náà ló ń ṣe méjèèjì: ibi tó ṣókùnkùn, tó fún mọ́ ọn lára, tí ẹnikẹ́ni ò lè gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ẹ wo páálí tí wọ́n fi gbé tẹlifíṣọ̀n wá sílé. Kí wọ́n tó gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, ológbò ti wà nínú páálí. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, wo ológbò 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran tí kò ní olówó. Wọ́n fún 10 nínú wọn ní àpótí tí wọ́n lè sá sí, wọn ò fún 9 yòókù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara àwọn tó ní ibi ìsápamọ́ ti balẹ̀. Ti àwọn yòókù pẹ́ kó tó balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ológbò sí ilé ìwòsàn yín, tí ẹ ò fi páálí sínú àgò rẹ̀, ẹ ti fi ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ dù ú.

Ní ti ajá, etí ló sábà máa ń lé e sá pamọ́. Etí èèyàn kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000 hertz. Ti ajá ń gbọ́ tó 45,000, ti ológbò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí olówó ajá fi ń sọ pé "kò kúkú sí nǹkan kan" lè jẹ́ ohun tí etí tirẹ̀ ò gbé ni. Ká má tíì wá sọ ti bángà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yìn lóṣù December. Ajá tó ń lé olè lè lo gbogbo òru ọdún tuntun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n tan rédíò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í bó bá ṣeé ṣe.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé adìẹ kì í ṣe ọ̀sìn inú ilé. Ẹ lọ bi ìyá yín àgbà. Adìẹ ìbílẹ̀ tó fẹ́ yé á wo ọ̀tún, á wo òsì, á gba ẹ̀yìn ààrò, á yọ́ wọ yàrá, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ bá àpò aṣọ kan. Kò sí ẹni tó rí i. Yóò yé ẹyin rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ti yé e tán, á bọ́ sí àárín agboolé, á wá fi igbe bọnu tí gbogbo ilé yóò fi mọ̀ pé adìẹ ti yé. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í wá ẹyin. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa retí igbe, á ní, "Lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ." Mi ò lọ lásán rí.

Kí ló dé tí gbogbo ọgbọ́n yìí fi ń já sófo? Ohun tí èmi rò ni pé ojú ara rẹ̀ ni ẹranko fi ń wọn ibi tó sá sí. Bí òun ò bá ti rí yín mọ́, iṣẹ́ ti parí lójú tirẹ̀. Ìrù ò sí nínú ìṣirò yẹn. Mo ti rí ológbò tó dúró sẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì tí kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ti rí èyí tó wọ inú ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí a ń wo gbogbo irun ara rẹ̀, tó sì ń wò wá bí ẹni tó wà lókè òkun. Mo ti rí ehoro tó ki imú bọ igun àgò, tó kọ ìdí sí gbogbo ayé. Bí ológbò bá bo ara rẹ̀ sẹ́yìn kọ́tìnì, ìrù rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì nísàlẹ̀, nítorí pé bí ọkàn rẹ̀ bá ti gbóná, ìrù kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. (Wọ́n a máa sọ pé ògòǹgò ń ri orí mọ́ iyanrìn. Irọ́ ni. Ńṣe ló ń tẹ́ ọrùn gbọọrọ sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè lè rò pé òkìtì ni.)

Ẹ wá wo ohun tí gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí fi jọra. Ara wọn le. Ẹranko tí ara rẹ̀ le kì í sábà fi gbogbo ara sá pamọ́. Ó ń fi ojú kan ṣọ́ yín, ó ń fetí sí abọ́ oúnjẹ, ó ń retí kí ẹ lọ kó lè padà sídìí ayé rẹ̀. Ìrù tó kù síta, àmì ìlera ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ẹ wá títí tí ẹ ò rí, òun ni kí ẹ sáré sí.

Owó ẹ̀kọ́ yẹn wọ́n fún mi. Ọdún kẹfà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́sàn-án Jímọ̀. Ó ní akọ ológbò òun, tí kì í jìnnà sí ilé ìdáná, òun ò fojú kàn án láti àná. Àwọn èèyàn jókòó dè mí, ọwọ́ mi dí. Mo ní kó má ṣe dààmú, pé ebi á lé e jáde. Lọ́jọ́ Àìkú ó gbé e wá. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ní balùwẹ̀ ni wọ́n ti rí i, níbi tí kò wọ̀ rí láyé rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀: àpò ìtọ̀ rẹ̀ le koko bí agbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n. Ọ̀nà ìtọ̀ ti dí. Májèlé tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde ti padà sínú ẹ̀jẹ̀. Orí tábìlì mi ló kú sí. Ọmọbìnrin náà ò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó fi ìró we é, ó gbé e lọ. Ká ní mo bi í ní ìbéèrè méjì péré lọ́jọ́ Jímọ̀, bóyá ológbò náà ń tọ̀ àti bóyá ibi tó ti máa ń sá sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti wá a, mo lè ti gbà á là. Akọ ológbò tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ kò ní ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Nǹkan kan ṣì wà tó máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí pé ó fi ara jọ ẹ̀fẹ̀. Ẹ máa rí ajá tó lọ dúró síbi ògiri, tó fi iwájú orí ti ògiri náà, tí kò kúrò. Àwọn ará ilé á ní ó ń sá pamọ́ fún ìwẹ̀, wọ́n á gbé fóònù jáde, wọ́n á máa ya fídíò rẹ̀. Ẹ pe orúkọ ajá náà. Èyí tó ń sá pamọ́ á gbọn etí, bí kò tilẹ̀ yíjú. Èyí tó ń fi orí ti ògiri lè má gbọn etí rárá. Ọpọlọ rẹ̀ ni nǹkan ń ṣe: ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ májèlé, ó lè jẹ́ ìgbóná inú ọpọlọ. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀.

Dìgbòlugi ńkọ́? Ajá tó ní in kì í fìgbà gbogbo sáré kiri kó máa bu èèyàn jẹ. Òmíràn á wọ ibi òkùnkùn lọ, á sá fún ìmọ́lẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, gbígbó rẹ̀ á yí padà. Olóore ló máa ń nawọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti lọ tù ú nínú. Ẹ béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ẹ tó kúnlẹ̀. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó là á já. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà kí ẹ tó di ajá kankan mú. Mo ti rí ọ̀dọ́mọdé dókítà tó ń gún ajá gbogbo àdúgbò tí kò tíì gún ara rẹ̀. Ìwà yẹn ò dára.

Èyí tó tún ń dùn mí ni ajá tí wọ́n ń nà nítorí pé ó sá pamọ́. Bàtà ti ya, ajá wà lẹ́yìn àga, olówó rẹ̀ á ní: "Ẹ wò ó, ó mọ ohun tó ṣe." Ní 2009, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Alexandra Horowitz ní New York dán èyí wò. Ó rí i pé ojú ẹlẹ́bi tí ajá ń ṣe kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ó jẹ̀bi; ìbáwí ẹnu olówó rẹ̀ ló ń fà á, kódà èyí tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan ń ṣe ojú náà bí wọ́n bá ti jágbe mọ́ ọn. Ajá náà mọ̀ pé inú olówó òun ń ru. Kò mọ̀ pé bàtà ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mú èyí tó ti sá pamọ́ jáde, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ ọ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn; lójú ẹranko, ìjà ni títẹjú-mọ́. Bó bá jẹ́ ológbò, ẹ rọra máa di ojú kí ẹ sì rọra máa là á. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e jáde ní 2020 pé ológbò a máa di ojú dá ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lóhùn, a sì máa sún mọ́ ọn. Bó bá wà nínú páálí, ẹ gbé e tòun ti páálí. Bí àgò rẹ̀ bá ṣeé ṣí lókè, ẹ ṣí i, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ibẹ̀, kí tówẹ́ẹ̀lì kan bo orí rẹ̀. Ẹ má fà á lẹ́sẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gún un. Abo ológbò tó sá pamọ́ tí oyún rẹ̀ ti tó bí oṣù méjì, ibi tó máa bímọ sí ló ń wá. Ẹ tẹ́ aṣọ sí i, kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá kọ́kọ́ mú ẹran rẹ̀ wá bá yín, tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ bi wọ́n pé: "Níbo ló máa ń sá pamọ́ sí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá sọ pé kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ gbé báàgì yín.

Ti ajá Bódìjà yẹn, "abẹ́ àpótí ìdáná" ló wà nínú káàdì tirẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń dùbúlẹ̀ sórí táìsì ilé ìdáná náà láti gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kò tíì bù mí jẹ rí.