Ẹ Kọ́lé, Kí Ẹ sì Máa Gbé Inú Rẹ̀
Kíkà: Jeremáyà 29:4–10

Ará, àwọn tí Jeremáyà kọ̀wé sí kò fẹ́ràn Bábílónì. Síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó. 70 ọdún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń di ẹrù dè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tó ń wá ìwé ìṣípòpadà kí oṣù kan tó pé, ẹ rọra ka ẹsẹ 7.

Ní 1858, James Thomas, ọmọ Yàgbà tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, tó sì gba òmìnira ní Sàró, wá ṣiṣẹ́ CMS ní Gbebe, ní òdìkejì odò sí Lọ́kọ́jà. Ogun pa Gbebe run ní 1866. Iṣẹ́ náà rékọjá odò, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà.

Ìjíròrò: Mélòó nínú àwọn aládùúgbò yín ni ẹ mọ orúkọ wọn?